Láti Warsaw dé Oświęcim: ìrìn-àjò sí ilé àti ibojì àwọn Júù Pólàǹdì

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Karùn-ún: Warsaw

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá fẹ́ lọ wo ibi tí ìjọba Násì ti pa àwọn Júù ní Pólàǹdì ni ó máa ń gba Kraków wọlé, tí yóò lo ọjọ́ kan ní Auschwitz, àgọ́ ikú tí ó wà ní ìlú Oświęcim, tí yóò sì padà sílé. Ní tèmi, mo gbà pé ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ bí àwọn tí wọ́n pa ṣe gbé ayé kí ó tó lọ wo bí wọ́n ṣe pa wọ́n, nítorí náà Warsaw ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì fi Auschwitz sí ìparí. Kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, àwọn Júù tí ó ń gbé ní Pólàǹdì tó mílíọ̀nù 3.3, nínú ará Warsaw mẹ́wàá sì rèé, bí mẹ́ta ni Júù. Yiddish ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ nílé, wọ́n sì ní ìwé ìròyìn, ilé eré, ilé ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ òṣèlú àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwọn.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé POLIN, tí wọ́n kọ́ sí àárín ibi tí gẹ́tò, àdúgbò tí àwọn Násì há àwọn Júù mọ́, wà nígbà ogun, ni mo ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ òní. Ohun tí ó dá mi dúró níbẹ̀ ni òrùlé sínágọ́gù onípákó ti ìlú Gwoździec, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tún kọ́ pẹ̀lú irinṣẹ́ àtijọ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí ẹranko, ẹyẹ, òdòdó àti àwọn àmì ìràwọ̀ méjìlá tí wọ́n fi ọ̀dà aláràbarà yà sára pákó láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó òkè, láìsí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo. Sínágọ́gù náà gan-an kò sí mọ́, ilẹ̀ tí ó wà sì ti di ti Ukraine lónìí. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bíi mélòó kan dùbúlẹ̀ gbalaja sílẹ̀ kí wọ́n lè rí àwòrán náà dáadáa, olùkọ́ wọn kò sì bá wọn wí.

Ní iwájú ilé náà ni ère ìrántí àwọn akọni gẹ́tò wà, èyí tí Nathan Rapoport gbẹ́, tí wọ́n sì ṣí ní 1948. Ibẹ̀ ni Willy Brandt, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, ti kúnlẹ̀ ní 7 Oṣù Kejìlá 1970.

Fún ẹ̀yin tí ẹ bá ń bọ̀: POLIN kì í ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wákàtí mẹ́ta kò sì tó fún un. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ìlú fún wákàtí 24 jẹ́ złoty 15 (złoty ni owó Pólàǹdì) nígbà tí mo lọ, ó sì kárí bọ́ọ̀sì, tíráàmù àti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Ní alẹ́, mo jẹ ọbẹ̀ żurek pẹ̀lú búrẹ́dì ní złoty 29. Ìyẹ̀fun ọkà rye tí wọ́n ti rẹ títí tí ó fi kan ni wọ́n fi ń sè é, kíkan rẹ̀ sì jọ ti omi ògì. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè kí wọ́n tó bù ú, nítorí sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gé sínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Karùn-ún: Warsaw

Mo kọ́kọ́ lọ sí ibi ìsìnkú àwọn Júù ní òpópónà Okopowa, tí wọ́n ti ń lò láti 1806. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ dé nǹkan sórí kí ó tó wọlé, fìlà aṣọ òkè mi sì ni mo dé. Bàbá tí ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà wò ó, ó fi ọwọ́ kan fìlà tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí n máa wọlé. Ludwik Zamenhof tí ó dá èdè Esperanto sílẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Peretz, ọ̀kan lára àgbà òǹkọ̀wé Yiddish. Igi ti hù láàrin ọ̀pọ̀ ibojì tí ó fi jẹ́ pé gbòǹgbò ti gbé òkúta ibojì mìíràn wó, ìdí rẹ̀ sì ni pé àwọn tí ì bá máa tọ́jú wọn, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ni wọ́n kó lọ pa. Òkúta kékeré ni àwọn Júù máa ń gbé lé ibojì, wọn kì í sábà lo òdòdó. Mo ṣa díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo sì gbé e lé àwọn tí n kò rí kankan lórí wọn.

Ní Oṣù Kọkànlá 1940 ni àwọn Jámánì ti gẹ́tò Warsaw pa. Wọ́n kó àwọn ènìyàn tí ó lé ní 400,000 sínú àyè tí kò tó kìlómítà mẹ́rin níbùú lóròó, wọ́n sì mọ ògiri yí wọn ká. Lára ògiri náà ṣì wà láàrin àgbàlá àwọn ilé kan ní òpópónà Złota àti Sienna, ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, gééètì wà ní títì. Mo dúró títí tí ìyá àgbàlagbà kan fi dé pẹ̀lú báàgì ọjà lọ́wọ́. A kò gbọ́ èdè ara wa, ṣùgbọ́n kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Ó ṣí gééètì, ó bá mi rìn dé ìdí ògiri náà, ó sì fi ìka hàn mí ibi tí wọ́n ti yọ bíríkì méjì tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Amẹ́ríkà báyìí. Ó wá gbé báàgì rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ni mo dé Ilé Ẹ̀kọ́ Ìtàn Júù ní òpópónà Tłomackie. Inú gẹ́tò ni onímọ̀ ìtàn kan tí ń jẹ́ Emanuel Ringelblum ti kó ènìyàn jọ ní ìkọ̀kọ̀ láti máa kọ ohun gbogbo tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn sílẹ̀: iye owó búrẹ́dì, àròkọ àwọn ọmọdé, káàdì oúnjẹ, ìwé ìkéde, títí kan ìwé tí wọ́n fi ń wé súìtì. Nígbà tí wọ́n rí i pé ikú dé, wọ́n kó àwọn ìwé náà sínú àpótí onírin àti garawa ńlá tí wọ́n fi ń gbé wàrà, wọ́n sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Apá kan jáde ní 1946, èkejì sì jáde ní 1950. Ọ̀kan nínú àwọn garawa náà wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà, etí rẹ̀ sì ti jẹ. Mo dúró tì í pẹ́. Wọ́n pa Ringelblum ní 1944, ṣùgbọ́n àwọn tí ó pa á kọ́ ni ó ń sọ ìtàn gẹ́tò fún wa lónìí, àwọn tí ó kú níbẹ̀ ni.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo wá òkúta ìrántí kékeré kan tí ó wà ní àárín ìlú fún August Agboola Browne, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó ní 1895, tí ó wá sí Pólàǹdì ní 1922, tí ó sì ń lu ìlù jáàsì ní àwọn ilé fàájì Warsaw. Ní 1949, ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì pé òun jà nínú ọ̀tẹ̀ Warsaw ti 1944, nígbà tí àwọn ará ìlú dìde sí àwọn Jámánì. Kí a má ṣe da ọ̀tẹ̀ yìí pọ̀ mọ́ ti gẹ́tò, tí àwọn Júù jà láti 19 Oṣù Kẹrin 1943, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ìbọn ọwọ́ wọn kò tó nǹkan dojú kọ ọmọ ogun Jámánì fún nǹkan bí oṣù kan.

Ọjọ́rú, 21 Oṣù Karùn-ún: Treblinka

Ọkọ̀ ojú irin láti Warsaw dé ìlú kékeré tí ń jẹ́ Małkinia gba wákàtí kan àti díẹ̀. Takisí tí mo ti bẹ̀ láti àná kò dé, ẹni tí ó ni ín kò sì gbé fóònù, òjò sì ti ń ṣú bọ̀. Obìnrin kan tí ó ń ta búrẹ́dì àti tíì nítòsí ibùdókọ̀ rí mi bí mo ṣe ń lọ tí mo ń bọ̀; nígbà tí mo dárúkọ Treblinka, ó ní kí n jókòó, ó bu tíì fún mi tí kò gba owó rẹ̀, ó sì pe ìbátan rẹ̀ kan lórí fóònù. Złoty 160 ni ọkùnrin náà gbà láti gbé mi lọ, dúró dè mí, kí ó sì gbé mi padà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọkọ̀ èrò ní ọ̀nà yẹn. Ẹ ṣètò ẹni tí yóò dúró dè yín, nítorí inú igbó ni ibẹ̀ wà, kò sì sí ibi tí ẹ ti máa rí oúnjẹ rà.

Ní 22 Oṣù Keje 1942 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn Júù Warsaw lọ sí Treblinka, láàrin oṣù méjì sì ni ènìyàn bí 265,000 ti gba ọ̀nà yìí lọ. Ibi tí wọ́n kó wọn dé kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ó ti ń sùn. Iyàrá gáàsì olóró ni wọ́n ń darí wọn sí láàrin wákàtí díẹ̀ tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀. Láàrin ọdún kan àti díẹ̀ sí i, ó kéré tán ènìyàn 800,000 ni wọ́n pa síbẹ̀. Ní 2 Oṣù Kẹjọ 1943, àwọn Júù tí wọ́n fi ipá mú ṣiṣẹ́ nínú àgọ́ náà jí ìbọn kó, wọ́n dáná sun àwọn ilé, àwọn kan sì rí ọ̀nà sá lọ. Lẹ́yìn èyí ni àwọn Násì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, wọ́n tú ilẹ̀, wọ́n gbin nǹkan sí i, wọ́n sì kọ́ ilé àgbẹ̀ kan sórí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ rí.

Ìdí nìyí tí kò fi sí ilé kankan láti wò. Ohun tí ènìyàn ń rí ni igi páìnì, ọ̀wọ́ àwọn òpó kọnkéré tí wọ́n tò sílẹ̀ ní ìbúlẹ̀ láti tọ́ka sí ibi tí ojú irin gbà, àti nǹkan bí òkúta 17,000 tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ìdúró, tí kò sí méjì tó jọra, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ láti 1964. Àwọn mìíràn ga jù mí lọ, àwọn mìíràn kò dé orúnkún. Orúkọ ìlú ni wọ́n kọ sí àwọn kan lára wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó ní orúkọ ènìyàn: Janusz Korczak, dókítà tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Warsaw, tí àwọn ènìyàn bẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí àwọn fi òun nìkan pamọ́, tí ó kọ̀, tí ó sì bá àwọn ọmọ náà, tí wọ́n tó 200, wọ ọkọ̀ ní Oṣù Kẹjọ 1942. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà, "àti àwọn ọmọdé". Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọlangidi kékeré méjì wà nídìí òkúta náà, omi ti rin wọ́n gbindin, ẹnì kan sì ti fi ọ̀rá bo ìkẹta. Mo sunkún níbẹ̀, n kò sì tijú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Karùn-ún: Lublin

Wákàtí méjì ni ọkọ̀ ojú irin gbà. Mo ń wo àwòrán ìlú lára ògiri ibùdókọ̀ nígbà tí mo gbọ́ "Ẹ káàsán sà, ṣé kò sí?" lẹ́yìn mi. Ọmọ Abẹ́òkúta kan ni, tí ó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní ìlú náà. Ó gba àpótí mi lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e, bàbá," ó mú mi dé ilé tí mo dé sí, ó sì yà mí sí ilé búrẹ́dì kan kí n ra cebularz, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi àlùbọ́sà àti èso pópì sí lójú. Ó gbóná, owó rẹ̀ kò ju złoty 6 lọ. Àwọn Júù Lublin ni ó kọ́kọ́ ń yan án; gbogbo ìlú ni ó ń jẹ ẹ́ báyìí.

Àwọn Júù tí ó wà ní Lublin kí ogun tó dé tó 43,000, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta ìlú. Ẹnubodè kan tí ń jẹ́ Grodzka ni ó so àdúgbò àwọn Kristẹni pọ̀ mọ́ tiwọn. Ní alẹ́ 16 mọ́jú 17 Oṣù Kẹta 1942 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn lọ sí Bełżec, àgọ́ ikú mìíràn, lẹ́yìn náà wọ́n wó àdúgbò wọn, tí ó fi jẹ́ pé gbàgede àti koríko ni ènìyàn ń rí lónìí nídìí òkè tí ààfin wà. Nínú ẹnubodè náà ni àwọn ará ìlú kan, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe Júù, ti kó fáìlì 43,000 jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó ti gbé ní ìlú yìí. Ọ̀dọ́bìnrin tí ó mú wa káàkiri fa ọ̀kan yọ fún wa: ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ àti àwòrán ọmọbìnrin kan tí ó wọ aṣọ òtútù wà nínú rẹ̀. Ó fa òmíràn yọ, nọ́ńbà ilé lásán ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ní àwọn kò ní dẹ́kun wíwá títí gbogbo rẹ̀ yóò fi ní nǹkan nínú. Nítòsí ibẹ̀, iná òpó ìgboro kan wà tí wọn kì í pa lọ́sàn-án tàbí lóru nítorí àwọn tí ó ti gbé ní àdúgbò náà.

Nínú gbogbo ibi tí mo dé, kò sí èyí tí mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ tó ti ẹnubodè yìí. Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan péré ní Lublin, ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ kí ẹ tó lọ sí Majdanek, àgọ́ tí àwọn Násì ti pa ènìyàn ní ìlú náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Oṣù Karùn-ún: Majdanek

Ọkọ̀ ìlú gbé mi láti àárín Lublin dé ẹnu àgọ́ náà kí orin tí mo ń gbọ́ tó parí. Ohun tí ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn: ẹ̀bá títì ni, àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì kọjú sí i, kò sì sí igbó tí ó fi í pamọ́ nígbà tí wọ́n ń pa ènìyàn níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ ogun Soviet dé ní Oṣù Keje 1944, àwọn Násì kò tíì ráyè wó gbogbo rẹ̀, ìdí nìyí tí iyàrá gáàsì náà fi wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, tí àbàwọ́n gáàsì aláwọ̀ búlúù ṣì wà lára ògiri rẹ̀. Nínú ènìyàn bí 78,000 tí ó kú níbẹ̀, bí 59,000 jẹ́ Júù. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, 3 Oṣù Kọkànlá 1943, wọ́n yìnbọn pa Júù 18,000 sínú kòtò tí wọ́n ní kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn gbẹ́, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ kọ orin sókè kí ará ìlú má baà gbọ́ ìró ìbọn. Àwọn kòtò náà ṣì hàn nínú koríko.

Ní ìparí ọ̀nà, abẹ́ òrùlé kan tí ó rí roboto ni òkìtì eérú àwọn tí wọ́n sun wà. Atẹ́gùn ń fẹ́. N kò lè dúró pẹ́ níbẹ̀.

A kì í sanwó wọlé. Ẹ wọ bàtà tí ó rọrùn, nítorí ìrìn náà jìn, ẹ sì mú omi dání. Ní ọjọ́ Ajé, wọn kì í ṣí àwọn ilé tí ìṣàfihàn wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Karùn-ún: sí Kraków

Ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù ni, sínágọ́gù, ibi ìsìnkú àti àwọn kan lára ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn kì í gba àlejò, nítorí náà ó dára kí ẹ fi ọjọ́ yìí rìn. Ọkọ̀ wa dúró sójú ọ̀nà fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Tọkọtaya kan tí wọ́n jókòó kọjú sí mi pín ápù àti ẹyin sísè tí wọ́n gbé dání sí mẹ́ta, wọ́n sì fi ìdá kan lé mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 25 Oṣù Karùn-ún: Kraków

Kazimierz ni àdúgbò tí àwọn Júù Kraków gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Mo gbàdúrà díẹ̀ ní ibojì Rábì Moses Isserles, tí ó kú ní 1572, lẹ́yìn sínágọ́gù Remuh; àfọ́kù òkúta ibojì tí àwọn Násì fọ́ ni wọ́n fi mọ ògiri kan lára ọgbà náà. Àwọn ọkọ̀ kékeré tí ń gbé àlejò kọ "gẹ́tò" sára pátákó wọn pẹ̀lú iye owó rẹ̀, èyí dùn mí, n kò sì wọ ọ̀kankan. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, mo kọjá odò Wisła sí Podgórze, níbi tí gẹ́tò wà láti 1941 títí wọ́n fi tú u ká ní Oṣù Kẹta 1943. Àga onírin ńlá ńlá ni wọ́n tò sí gbàgede tí wọ́n ti ń kó wọn lọ. Ní igun gbàgede náà ni ilé oògùn Tadeusz Pankiewicz wà, ẹni tí kì í ṣe Júù tí ó dúró ṣí ilé oògùn rẹ̀ nínú gẹ́tò, tí ó ń fún wọn ní oògùn, tí ó sì ń fi wọ́n pamọ́.

Nígbà tí mo padà sí Kazimierz, mo dúró níwájú ilé ìpàdé àwọn Júù ìlú náà, tí wọ́n ṣí ní 2008. Àwọn ìyá àgbà ń jáde, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Ó yẹ kí àlejò mọ̀ pé àwọn Júù ṣì ń gbé ní Kraków. Zapiekanka, búrẹ́dì gígùn tí wọ́n fi olú àti wàràkàṣì yan ní Plac Nowy, jẹ́ złoty 20, ẹni kan kò sì lè jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Ajé, 26 Oṣù Karùn-ún: Auschwitz àti Birkenau

Ènìyàn bí mílíọ̀nù 1.1 ni wọ́n pa síbí, bí mílíọ̀nù kan nínú wọn jẹ́ Júù. Àwọn ẹlòmíràn ti kọ̀wé nípa rẹ̀ dáadáa jù mí lọ, n kò sì ní tún gbogbo rẹ̀ sọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti àwọn àpótí ẹrù tí àwọn tí wọ́n kó wá síbẹ̀ gbé dání. Àwọn tí ó ni wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ìlú sára wọn pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, nítorí wọ́n rò pé wọn yóò tún gba ẹrù wọn padà. Lẹ́yìn àwọn fáìlì Lublin, n kò lè wò wọ́n bí òkìtì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo kà títí tí afinimọ̀nà wa fi pè mí.

Ẹ gba ààyè sílẹ̀ lórí ìkànnì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà fúnra rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání, kí báàgì yín sì kéré. Ẹ kò gbọdọ̀ ya àwòrán nínú iyàrá tí irun àwọn òkú wà. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ wà láàrin àgọ́ àkọ́kọ́ àti Birkenau, tí ó jẹ́ àgọ́ kejì. Ẹ má ṣe mú ọmọ kékeré lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Karùn-ún: ìlú Oświęcim

Mo sùn sí ìlú náà kí n lè rí i, nítorí pé ó ju ìdajì àwọn ará Oświęcim lọ tí ó jẹ́ Júù kí ogun tó dé, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ń wá sí àgọ́ kì í kọjá odò Soła wá síbí. Sínágọ́gù kan ṣoṣo ni ó kù. Àwọn Násì fi ṣe ilé ìkóhun-ìjà, lẹ́yìn ogun ó di ibi tí wọ́n ń kó kápẹ́ẹ̀tì sí, kí wọ́n tó dá a padà fún àwọn Júù, tí wọ́n sì tún un ṣí ní 2000. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí ìgò ọtí àti ti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí ẹbí Haberfeld ń pọn ní ìlú yìí láti 1804, àwòrán ìgbéyàwó, àwòrán àwọn ọmọ tí ó ń wẹ̀ nínú odò, àti àwọn ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n hú jáde ní 2004 láti abẹ́ ilẹ̀ Sínágọ́gù Ńlá tí àwọn Násì sun ní 1939.

Lẹ́yìn sínágọ́gù tí ó kù náà ni ilé Szymon Kluger wà, Júù tí ó gbẹ̀yìn ní ìlú náà, tí ó padà wá lẹ́yìn ogun, tí ó sì dá gbé níbẹ̀ títí ó fi kú ní 2000. Wọ́n ti fi ilé náà ṣe ilé kọfí. Mo ra kọfí àti àkàrà òyìnbó ní złoty 31, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbé e wá sì béèrè ibi tí mo ti wá. Nígbà tí mo sọ fún un, ó mú àwòrán ìlú jáde, ó sì fi bírò yí ibi ìsìnkú àwọn Júù àti ọgbà tí wọ́n ṣe sí ojúlé Sínágọ́gù Ńlá ká fún mi, ó ní kí n má tíì lọ wọ ọkọ̀ láì dé ibẹ̀.

Fún ẹni tí ó bá ń ti Kraków bọ̀ kí ó sì padà lọ́jọ́ kan náà, ẹ gba àkókò òwúrọ̀ ní àgọ́, kí ọ̀sán lè ṣẹ́ kù fún ìlú. Bọ́ọ̀sì wà, takisí wà, ẹ sì lè fi ẹsẹ̀ rìn láti àgọ́ dé ìlú láàrin nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ kàn ránti pé wọn kì í ṣí sínágọ́gù náà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.